Èlùbọ́ Afẹ́fẹ́

Bí ọyẹ́ bá ti mú ní Ṣakí, orí àpáta làwọn ìyá wa máa ń sá iṣu sí. Wọ́n á ti bẹ ẹ́, wọ́n á ti bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, á sì ti sùn nínú omi náà mọ́jú. Oòrùn àti ọyẹ́ ló ń parí ìyókù. Lọ́jọ́ tó bá gbẹ tán, tí a bá ń dà á sínú àpò, ńṣe ló máa ń dún bí igi. Iṣu tí ìbá jẹrà ti di èlùbọ́ nìyẹn. Ó lè dúró pẹ́, ó sì lè wọkọ̀ lọ sí Èkó.

Èlùbọ́ yìí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá gbọ́ nípa iṣẹ́ táwọn ará Yúróòpù ń ṣe lórí òkun. Wọ́n ri òpó ńláńlá mọ́ ìsàlẹ̀ òkun, wọ́n fi abẹ̀bẹ̀ sí i lórí, afẹ́fẹ́ ń yí i, iná ń jáde. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kì í bi aráyé kó tó fẹ́. Ó lè le lóru nígbà tí gbogbo ìlú ti sùn, iná kò sì ṣeé rọ sínú kèrègbè.

Wọ́n wá ń fi iná náà tú omi ká. Háídírójìn àti ọ́síjìn ló so pọ̀ tó di omi. Bí iná bá gba inú omi kọjá nínú ẹ̀rọ, àwọn méjèèjì á pínyà, wọ́n á sì gba háídírójìn sínú àgbá. Gáàsì tó ń jó ni, omi ló sì máa ń padà dà tó bá jó tán. Tó bá jẹ́ omi òkun, wọ́n á kọ́kọ́ yọ iyọ̀ rẹ̀. Kílò háídírójìn kan ń gba nǹkan bíi lítà omi 9, àti iná tó tó kílówáàtì-wákàtí 50, bẹ́ẹ̀ agbára tó wà nínú kílò náà kò ju nǹkan bí 33 lọ. Àdánù ńlá ni. Síbẹ̀, ìyẹn sàn ju kí gbogbo rẹ̀ ṣòfò.

Lọ́dún 2023, ilé-iṣẹ́ Lhyfe ti ilẹ̀ Faransé ṣe háídírójìn lójú agbami, ní nǹkan bíi kìlómítà 20 sí etíkun Le Croisic, lórí pèpéle tó ń léfòó tí wọ́n pè ní Sealhyfe. Mégáwáàtì 1 péré ni ẹ̀rọ náà. Dẹ́nmáàkì ní tirẹ̀ ti pinnu láti ọdún 2020 pé erékùṣù Bornholm ni iná ọ̀pọ̀ abẹ̀bẹ̀ orí òkun yóò ti máa pàdé kí wọ́n tó pín in, bí ẹrù àwọn abà ṣe ń pàdé lọ́jà Ìsẹ́yìn.

Nílé wa níbí, iná wà lára ohun tí wọ́n ṣètò pé kí dáàmù Ikere Gorge lẹ́bàá Ìsẹ́yìn máa pèsè, láti ayé ìjọba Ààrẹ Shagari. Ọ̀pọ̀ ọdún ni omi fi kún ibẹ̀ láìsí iná. Ó ń dùn mí gan-an.

Lọ́sàn-án gangan báyìí, bátìrì àwọn tó ní sólà ní Ṣakí á ti kún. Oòrùn tó kù á máa rọ̀ sórí páànù lásán, àfi èyí tó bá bọ́ sórí àpáta, níbi tí iṣu wà.