Géèjì tuntun fún ọkọ̀ Ìjàpá láì ba ẹwà àtijọ́ jẹ́

Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Volkswagen tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ìjàpá ní Èkó. Ẹni tó bá ń tún un ṣe tà, tàbí tó ń fi í háyà, mọ̀ pé ojú àtijọ́ rẹ̀ ni ọjà.

Ṣùgbọ́n atẹ́gùn àti ọ́ìlì ló ń tu ẹ́ńjìnnì yìí lára, kì í ṣe omi, kò sì sí géèjì tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe gbóná tó. Kí iná ọ́ìlì tó tàn, ẹ́ńjìnnì lè ti nọ́ọ̀kì.

Ẹ má gé dáṣíbọọ̀dù. Géèjì mìlímítà 52 wà tí ojú rẹ̀ dúdú, tí etí rẹ̀ ń dán bíi ti àtijọ́. Kí rewáyà fi irin pẹlẹbẹ so ó sábẹ́ dáṣíbọọ̀dù. Sẹ́ńsọ̀ tó ń wọ ojú ihò ọ̀pá ìwọn-ọ́ìlì kò nílò ihò tuntun. Sẹ́ńsọ̀ àti géèjì gbọ́dọ̀ bára mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, irọ́ ni géèjì yóò máa pa. Ẹ yẹ bátìrì wò pẹ̀lú: àwọn Ìjàpá ìgbà ìwáṣẹ̀ ń lo fólítì 6, èyí tí wọ́n tò ní Èkó ń lo 12.

Ẹ tọ́jú ohunkóhun tí ẹ bá yọ. Dáṣíbọọ̀dù ni oníbàárà yóò kọ́kọ́ wò kó tó dárúkọ owó.