Òfin Tí Ó Ga Ju Àwọn Aṣòfin Lọ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbàgbọ́ pé ohunkóhun tí àwọn aṣòfin bá fọwọ́ sí, tí Ààrẹ sì bu ọwọ́ lù, ti di òfin tí ẹnikẹ́ni kò lè yẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Apá kìíní Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ ọ́ gbangba pé òfin yòówù tí ó bá tako Òfin Ìpìlẹ̀, asán ni níbi tí ó ti takò ó.

Ọ̀ràn àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ fi èyí hàn. Ní oṣù Kejìlá 1998 ni a dìbò yàn wọ́n; wọ́n gba iṣẹ́ ní 1999, ọdún mẹ́ta ni a sì fún wọn. Nígbà tí àkókò wọn ń lọ sí òpin, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ ṣe Òfin Ìdìbò ti 2001, ó sì sọ ọdún mẹ́ta di mẹ́rin. Kò ṣòro láti mọ bí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ yóò ti dùn tó létí alága. Ṣùgbọ́n àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ.

Ìdájọ́ dé ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta 2002. Kì í ṣe pé a wọn ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin láti mọ èyí tí ó sàn jù. Ohun tí àwọn adájọ́ wò ni bóyá Òfin Ìpìlẹ̀ fún àwọn aṣòfin àpapọ̀ ní agbára láti sọ iye ọdún tí alága yóò lò. Kò fún wọn, àfi ní agbègbè olú-ìlú, Àbújá. Apá keje ti fi ètò ìjọba ìbílẹ̀ lé àwọn ìpínlẹ̀ lọ́wọ́. Bí àgbẹ̀ bá gbin kòkó kọjá ààlà, bí ó ti wù kí kòkó náà so tó, orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni ó wà. Báyìí ni ọdún kẹrin náà ṣe di òfo.

Bí àwọn aṣòfin bá fẹ́ kí agbára náà di tiwọn, Òfin Ìpìlẹ̀ fúnra rẹ̀ ni wọn yóò tún ṣe. Èyí ń fẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin méjèèjì, àti ìfọwọ́sí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36.

Ṣùgbọ́n apá keje kan náà tí ó gbe àwọn ìpínlẹ̀ de àwọn náà: ó ní àwọn tí ará ìlú dìbò yàn ni kí ó máa ṣe àkóso ìjọba ìbílẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí àkókò àwọn alága pé ní 2002, a kò tètè dìbò mìíràn. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ yàn ni ó jókòó sórí àga. Irú rẹ̀ wọ́pọ̀ fún ọdún púpọ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé-Ẹjọ́ kan náà pàṣẹ pé irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ tako Òfin Ìpìlẹ̀, àti pé kí a má san owó fún ìjọba ìbílẹ̀ tí kò bá ní ìgbìmọ̀ tí a dìbò yàn.