Ìjọba Tó Ń Tọ́jú Aláìsàn, Ṣé Sóṣálíìsì Ni?

  Admin yín náà ni o. Ohùn tí mo fi sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun gùn díẹ̀, àwọn tí kò ní dátà sì ní ká bá àwọn kọ ọ́ sílẹ̀. Òun nìyí.

Ẹ rántí ohun tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Wọ́n mú àbá wá pé kí ẹgbẹ́ wa máa dáwó, ká fi forúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ nínú ètò adójútòfò ìlera ti ìpínlẹ̀ tí kálukú ń gbé. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń ta taya ní òun ò ṣe, pé ọ̀rọ̀ sóṣálíìsì nìyẹn, pé ìlú tí ìjọba bá ti ń tọ́jú aláìsàn, bó pẹ́ bó yá wọ́n á gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù. Àbúrò wa kan tó ń ta aṣọ dá wọn lóhùn pé sóṣálíìsì dáa, ṣebí òun ni wọ́n fi ń wo aláìsàn lọ́fẹ̀ẹ́ ní London. Ọ̀kan ń bẹ̀rù ẹ̀, ọ̀kan ń yìn ín, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì gbà pé ohun kan náà ni. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ bá wọn tú.

Kí ni sóṣálíìsì gan-an? Ìbéèrè kan ló wà nídìí ẹ̀: ta ló ni ohun tí wọ́n fi ń pèsè ọjà? Oko ńlá, fáktírì, báńkì, ọkọ̀ ojú irin, ilé ìtajà. Tó bá jẹ́ pé ìjọba tàbí gbogbo ará ìlú lápapọ̀ ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, sóṣálíìsì nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ni tiẹ̀, tó ń rà, tó ń tà, tó ń jẹ èrè orí ẹ̀, kápítálíìsì nìyẹn. Ta ló ń sanwó dókítà, ìbéèrè mìíràn nìyẹn.

Ẹ wo inú ọjà wa níbí. Gbogbo wa là ń dáwó ọdẹ tó ń ṣọ́ ọjà lóru. Gbogbo wa la jọ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta àti ìyá tó ń ta ata lórí tábìlì, omi kan náà ni wọ́n ń pọn. Ṣé ẹnikẹ́ni wá sọ pé ẹgbẹ́ ló ni taya tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n wa? Rárá o. A dáwó sí ohun tí ẹnì kan ò lè dá ṣe, kálukú sì ń tajà ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn tó ti ṣe é ṣáájú wa.

Jámánì ló kọ́kọ́ ṣòfin ẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́, ní 1883. Olórí ìjọba ibẹ̀ nígbà náà ni Otto von Bismarck. Ọkùnrin yìí ò fẹ́ rí sóṣálíìsì sójú. Ní 1878 ló ti mú òfin jáde tó fi de ẹgbẹ́ wọn. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, òun náà ló ní kí òṣìṣẹ́ máa dáwó ìlera, kí ọ̀gá wọn sì máa dá sí i. Bí owó náà bá jẹ́ náírà mẹ́ta, òṣìṣẹ́ ń san méjì, ọ̀gá ń san ọ̀kan. Ó fẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ rí i pé ìjọba ń ro tiwọn, kí wọ́n má baà tẹ̀lé sóṣálíìsì. Ẹ ò rí i pé ọ̀tá sóṣálíìsì ló dá a sílẹ̀!

Ìlú ọba ńkọ́, ìyẹn Brítéènì? NHS wọn bẹ̀rẹ̀ ní July 5, 1948, lábẹ́ ìjọba Labour ti Clement Attlee. Aneurin Bevan ni mínísítà ìlera. Àwọn yẹn pe ara wọn ní sóṣálíìsì lóòótọ́, wọ́n sì sọ ibi ìwakùsà èédú àti ọkọ̀ ojú irin di ti ìjọba. Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, àbúrò wa jàre díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjà, ilé ìtajà, oko, ọ̀pọ̀ fáktírì, ọwọ́ àwọn tó ni wọ́n ni wọ́n wà. Nígbà tí Margaret Thatcher dé, ó ta ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba ní 1984, ó ta ti gáàsì ní 1986. Síbẹ̀ NHS ò kúrò nílẹ̀. Ìlú tó ń ta ilé iṣẹ́ ìjọba fún oníṣòwò ṣì ń tọ́jú aláìsàn.

Ẹ tún jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ lórí "lọ́fẹ̀ẹ́" yẹn. Kò sí ọ̀fẹ́ níbẹ̀. Owó orí làwọn ará ibẹ̀ fi ń gbé e. Àwọn ọmọ wa tó ń gba físà iṣẹ́ lọ síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ń san 1,035 pọ́n-ùn fún ọdún kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó gbéra, owó ìlera nìkan nìyẹn. Ẹ bi àwọn tó bá wọn san án.

Amẹ́ríkà náà, tí ẹnikẹ́ni ò lè pè ní sóṣálíìsì, láti 1965 ni wọ́n ti ní Medicare fún àwọn tó ti pé ọmọ ọdún 65.

Ó wá ku Cuba. Mi ò ní parọ́ fún ẹ̀gbọ́n wa: ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní March 1968, ìjọba Fidel Castro gba ilé ìtajà kéékèèké tó lé ní 50,000, títí dé orí àwọn tó ń ta oúnjẹ lẹ́bàá ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọsibítù ló bí i. Wọ́n ti kọ́kọ́ gba ilẹ̀ ńlá àti fáktírì, torí ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé kò yẹ kí ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ ta-ló-ni-ín náà nìyẹn. Gbogbo ìlú sóṣálíìsì ló máa ń fẹ́ tọ́jú aláìsàn, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìlú tó ń tọ́jú aláìsàn ni sóṣálíìsì. Gbogbo alágbẹ̀dẹ ló ń lo iná. Ṣé gbogbo ẹni tó ń dáná ni alágbẹ̀dẹ?

Nílé wa náà, Awólọ́wọ̀ àti Action Group, tí Yorùbá ń pè ní Ẹgbẹ́ Afẹ́nifẹ́re, ní kí wọ́n máa tọ́jú ọmọ tí kò tíì ju ọdún 18 lọ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn. Bàbá náà pe èrò ẹ̀ ní sóṣálíìsì. Síbẹ̀ olóko kòkó ló ni oko ẹ̀, ẹni tó ń tajà ní Dùgbẹ̀ ló ni ọjà ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kan àwa gan-an báyìí. Òfin adójútòfò ìlera tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022 sọ pé kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà wà nínú ètò náà. Láti 2005 tó ti bẹ̀rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba ló jẹ ẹ́ jù, àwa ọlọ́jà ń wòran. Nínú 100 náírà tí wọ́n ń ná sórí ìlera nílẹ̀ yìí, ó lé ní 70 tó ń jáde látinú àpò aláìsàn àti ẹbí ẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹrin la dáwó pàjáwìrì nínú gúrúùpù yìí. Lẹ́ẹ̀kan nínú ẹ̀, owó pé lọ́sàn-án. Ẹni tá a dá a fún ti lọ lóru. Ẹ mọ ẹni tí mò ń wí.

Nítorí náà, tá a bá pàdé lọ́jọ́ Àìkú, ẹ má fi orúkọ sóṣálíìsì lé àbá náà sá, ẹ má sì fi gbà á. Ẹ bèèrè nǹkan mẹ́ta. Èkíní, èló ni lọ́dún, àìsàn wo ló sì gbà, èwo ni ò gbà? Èkejì, ọsibítù wo ló wà lórí ìwé wọn, ó jìnnà sí ọjà wa tó? Ẹ̀kẹta, ṣé àwa àlejò tó ń gbé ìpínlẹ̀ náà wà níbẹ̀, tá a bá sì kó lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, ṣé káàdì yẹn á ṣiṣẹ́? Tí ìdáhùn ò bá dáa, ká kọ̀ ọ́ nítorí ìyẹn. Tó bá dáa, ká dáwó.

Ẹni tó ní ọ̀rọ̀, kó fi ohùn sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ kó má ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ọjà á tà o.