Káàdì ìfẹ́ ayé àtijọ́: Àwòrán ń sọ ohun tí ẹnu kò lè sọ

Kí fóònù tó dé, káàdì ni àwọn olólùfẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fi ń ránṣẹ́ síra wọn ní ọjọ́ 14, oṣù kejì, tí í ṣe àyájọ́ àwọn olólùfẹ́. Ìtìjú kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ là á mọ́lẹ̀ pé ẹnì kan wu àwọn. Àwòrán ló ń bá wọn sọ ọ́.

Bí àrokò ni àwọn àwòrán náà rí. Cupid, ọmọ kékeré abìyẹ́ tó mú ọrun àti ọfà dání, jẹ́ òrìṣà ìfẹ́ àwọn ará Róòmù. Ẹni tí ọfà rẹ̀ bá bà, ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Àdàbà méjì dúró fún àwọn tí kò ní fira wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ṣọ́ọ̀ṣì bá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní eré, ìgbéyàwó ló kàn.

Lọ́dún 1840, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ owó ìfìwéránṣẹ́ di pẹ́nì kan, mẹ̀kúnnù náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi káàdì ránṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, Esther Howland, ọmọ ìlú Worcester, tó jáde ilé ìwé lọ́dún 1847, rí káàdì kan tó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ní òun náà lè ṣe é. Ó ṣe díẹ̀ pẹ̀lú bébà tó dà bíi léèsì, arákùnrin rẹ̀ sì gbé e lọ ká ọjà. $200 ni Howland ń retí. Èyí tí àwọn oníbàárà béèrè lé ní $5,000. Ó gba àwọn obìnrin síṣẹ́: ẹnì kan ń gé e, ẹlòmíràn ń lẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀, kò lọ́kọ títí tó fi kú lọ́dún 1904.

Kì í ṣe gbogbo káàdì ló dùn. Àwọn kan wà tí wọ́n fi ń bú ọ̀mùtí tàbí wúńdíá tó ti dàgbà, tí ẹni tó fi ránṣẹ́ kò sì ní kọ orúkọ rẹ̀ sí i.

Èyí tí wọ́n gbà pé ó pẹ́ jù nínú àwọn tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé York Castle, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1797 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Cupid, àdàbà àti òdòdó ló wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ọmọbìnrin tó ni ín fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sínú rẹ̀ kò ní adùn kankan. Ó ní òun ti pe ọkùnrin náà títí, kò wá. Kó má ṣàì wá lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, òun ní ọ̀rọ̀ pàtàkì láti bá a sọ.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, làwọn àgbà wí. Gbogbo ẹwà àwòrán náà, ẹ̀bẹ̀ pé kí àwọn fojú kojú ló gbé lọ.