Ìwé Ìtàn Ìfẹ́ Tí Ẹ̀rù Wà Nínú Rẹ̀: Bí Ó Ti Yẹ Kí A Máa Kà Á Láàárín Ara Wa

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín lónìí lè kéré ní ojú ẹlòmíràn, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìwé ìtàn ni. Kì í sì í ṣe gbogbo ìwé ìtàn, bí kò ṣe irú èyí tí àwọn ọmọbìnrin wa, àti àwọn ọmọkùnrin pẹ̀lú bí wọn kò tilẹ̀ jẹ́wọ́, máa ń fi pamọ́ sí abẹ́ ìrọ̀rí: ìtàn ìfẹ́ tí ewu, àṣírí àti ìfura dì mọ́. Ìbéèrè tí a ń bi wá ní ìlú Ìwó yìí ni pé, ó ha yẹ kí ọmọ ìjọ máa ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ bí? Bí ó bá sì yẹ, báwo ni kí a ti máa kà á, kí a sì máa yá ara wa?

Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe tiwa. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a bá irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan tí ń gbé lọ́dọ̀ wa. Èèpo ìwé náà ti ya, ojú ewé rẹ̀ sì ti rọ̀ bí àkísà nítorí ọ̀pọ̀ ọwọ́ tí ó ti kọjá. A kò ṣí i wò. A kò bèèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀. A gbà á, a sì jù ú sínú iná. Ọmọ náà kò sọkún. Ó kàn dákẹ́, àwa sì rò pé ìgbọràn ni. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn ará ìta pé ọkùnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní àpọ́n, tí ó sì ní aya àti ọmọ ní ìlú mìíràn, ti ń bá a sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó láti ìgbà pípẹ́, ó sì ti gba owó tí ó ń tọ́jú fún ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí a bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ fún wa, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. N kò tíì ka ìwé yẹn dé òpin nígbà tí ẹ gbà á. Ọkùnrin inú rẹ̀ jọ ẹni tí mo mọ̀. Mo fẹ́ rí bí yóò ti yọrí sí kí n tó wá bi yín." Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú wa jókòó láti ro nǹkan yìí wò.

Kí ni irú ìwé yìí gan-an? Ìtàn ìfẹ́ lásán ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ǹjẹ́ àwọn méjèèjì yóò fẹ́ ara wọn bí? Ìtàn ọ̀daràn ní ìbéèrè kan pẹ̀lú: ta ni ó ṣe iṣẹ́ ibi náà? Irú ìwé tí a ń sọ yìí so ìbéèrè méjèèjì pọ̀, wọ́n sì bí ẹ̀kẹta tí ó le jù wọ́n lọ: ẹni tí ọkàn mi fà sí yìí, ǹjẹ́ mo lè gbẹ́kẹ̀ lé e bí? Ọ̀nà mẹ́ta ni òǹkọ̀wé fi ń ṣe é. Èkíní, yóò fi ohun kan pamọ́: lẹ́tà tí a kò ṣí, yàrá tí a tì pa, orúkọ tí ẹnì kan kò fẹ́ kí a dá. Èkejì, yóò jẹ́ kí òǹkàwé rí ewu kí ẹni inú ìtàn tó rí i, gẹ́gẹ́ bí àwa ti mọ ohun tí Dẹ̀lílà bá àwọn ìjòyè Fílístínì ṣe nígbà tí Sámsónì kò mọ̀. Ẹ̀kẹta, yóò fa ọ̀rọ̀ gùn: yóò parí orí kan ní ibi tí ilẹ̀kùn ti ń ṣí, kò sì ní sọ ẹni tí ń wọlé bọ̀. Nítorí náà ni ọkàn òǹkàwé kì í fi í balẹ̀, tí epo àtùpà fi ń tán lórí ìwé kan.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó ni nǹkan yìí ti wá. Ta ni nínú wa tí kò gbọ́ àlọ́ ọmọge tí ó kọ gbogbo ọkùnrin ìlú, tí ó sì tẹ̀ lé arẹwà àlejò kan tí ó rí ní ọjà? Àlejò náà kò ní àbùkù kan, ṣùgbọ́n ńṣe ni ó yá gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀. Bí wọ́n ti ń wọ igbó lọ ni ó ń dá wọn padà, ẹsẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀, apá fún alápá, títí ó fi ku agbárí nìkan. Amos Tutuola lo irú àlọ́ yìí nínú ìwé rẹ̀, The Palm-Wine Drinkard, tí ó jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1952. Ìfẹ́ wà nínú àlọ́ náà, àṣírí wà níbẹ̀, ẹ̀rù wà níbẹ̀, a sì ń fa òpin rẹ̀ gùn ní ìdúró kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan: kò sí ọmọ tí ń dá nìkan gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ jókòó yí ìyá àgbà ká, wọ́n ń gbe orin àlọ́. Bí ẹ̀rù bá ba èyí tí ó kéré jù, yóò sún mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí àlọ́ bá sì parí, ìyá àgbà yóò bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí kọ́. Àwọn baba wa kò fi ewu tí ń bẹ nínú ìfẹ́ pamọ́ fún ọmọ. Wọn kò kàn jẹ́ kí ó dá nìkan pàdé rẹ̀ ni.

Nígbà tí ìtàn bọ́ sórí ìwé, àṣà yìí kò kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ní ọdún 1929, I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde, tí ó dà bí ẹni pé obìnrin kan tí ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá ni ó ń kọ wọ́n. Obìnrin náà wà nínú àìsàn àti ìbànújẹ́, ó sì ń ròyìn àwọn ọkùnrin tí ó ti bá rìn ní ìgbà èwe rẹ̀, kí àwọn ọmọge lè fi í ṣe àríkọ́gbọ́n. Láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń retí rẹ̀. Àwọn òǹkàwé kọ̀wé sí olóòtú, àwọn kan ń káàánú obìnrin náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń bẹ láàyè, ìwé ìròyìn náà sì ń tẹ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó sì ń kọ gbogbo ìtàn náà. Ó di ìwé odindi ní ọdún 1930, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì kà á sí ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè wa; ní ọdún 2012 ni Karin Barber tún un tẹ̀ pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bí ìtàn ti ń lọ ni ìjíròrò ń bá a lọ, gẹ́gẹ́ bí ti ìdí àlọ́.

Láti ìgbà náà a kò ṣàìní irú ìwé bẹ́ẹ̀. D. O. Fágúnwà, tí a mọ̀ sí ọ̀rọ̀ ọdẹ àti iwin, fi lẹ́tà ìfẹ́ sínú Àdììtú Olódùmarè ní ọdún 1961. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ Àjà Ló Lẹrù ní ọdún 1969 àti Àgbàlagbà Akàn ní ọdún 1971, níbi tí Lápàdé, ọlọ́pàá àtijọ́, ti ń tọ ipasẹ̀ àwọn ọ̀daràn. Kọ́lá Akínlàdé kọ Owó Ẹ̀jẹ̀ àti àwọn ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mìíràn. Ní ọdún 1974, Akínwùmí Ìṣọ̀lá gbé Ó Le Kú jáde, ìtàn Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Ìbàdàn, tí ń wá aya láàárín àwọn ọmọge mẹ́ta. Túndé Kèlání sì sọ ọ́ di sinimá ní ọdún 1997. A kò ní sọ bí ó ti parí, nítorí ẹni tí kò tíì kà á lè wà láàárín wa. Àwọn tí ń ka Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ní tiwọn: àwọn ìwé ìfẹ́ ilé iṣẹ́ Mills & Boon, tí a dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1908; ìwé James Hadley Chase tí ọ̀dá owó àti ìbọn kún inú wọn; àti ìwé Pacesetters tí ilé iṣẹ́ Macmillan bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ ní ọdún 1977, tí àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà kọ. Àwọn ìwé wọ̀nyí kì í gbé ọwọ́ ẹni tí ó rà wọ́n. Ẹnì kan ni yóò rà á, ogún ènìyàn ni yóò kà á.

Àwọn kan wí pé iná ni oògùn rẹ̀, bí àwa náà ti rò nígbà kan. Ní ọdún 2007, ní ìlú Kánò, a dáná sun àwọn ìwé ìfẹ́ èdè Háúsá ní gbangba ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan, gómìnà sì wà níbẹ̀. Iná náà kò pa ìwé run. Balaraba Ramat Yakubu, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tí ń kọ irú ìwé náà, ti kọ Alhaki Kwikwiyo Ne ní ọdún 1990, nípa ìyà tí ọkọ fi ń jẹ aya. Ní ọdún 2012 a túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, a sì tẹ̀ ẹ́ ní ilẹ̀ Íńdíà. Ohun tí obìnrin kò lè sọ ní ojú ọkọ ni ó ti rí sọ nínú ìtàn.

Síbẹ̀, ewu wà nínú ìwé wọ̀nyí, a kò sì gbọdọ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọkùnrin tí ojú rẹ̀ le, tí ń pàṣẹ, tí ń ṣọ́ obìnrin kiri, ni ó ń di ọkọ rere ní òpin, tí ìbínú rẹ̀ sì ń di àmì ìfẹ́. Òǹkọ̀wé mọ òpin kí ó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ó lè fi ìbínú ṣeré. Ayé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń gbá ọmọge létí kí ó tó gbé e níyàwó, kí a má ṣe retí pé ìyàwó gbígbé ni yóò mú un dẹ́kun. Ọmọ tí ó bá dá ka ogún irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní kọ̀rọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí pe ewu ní ìfẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìyá rẹ̀ bá jókòó tì í, tí ó sì bi í ní àárín ìwé pé, "Bí ó bá jẹ́ àbúrò rẹ ni ọkùnrin yìí ń ṣọ́ báyìí, kí ni ìwọ yóò sọ fún un?" ìwé kan náà ti di ìkìlọ̀. Ìwé Mímọ́ pàápàá kò fi irú ìtàn yìí pamọ́: Jékọ́bù sìn fún ọdún méje nítorí Rákélì, ilẹ̀ sì mọ́ bá a pẹ̀lú Léà. A ń kà á sókè nínú ìjọ, ọmọdé ń gbọ́.

Nítorí náà ìdáhùn wa ni pé kí a máa kà á, ṣùgbọ́n kí a má ṣe dá kà á. Kí àgbà tí yóò bá fi òfin de ìwé kan kọ́kọ́ kà á tán. Kí ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin máa ka ìwé kan pọ̀, kí wọ́n dúró ní ìdajì, kí olúkúlùkù sọ ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé àti ìdí rẹ̀. Bí òpin bá sì dé, kí wọ́n wò ó bí ojú tí àwọn fi ń wo ènìyàn bá tọ́. Kí ẹni tí ó ti kà á má ṣe sọ òpin fún ẹni tí kò tíì kà á. Kí ẹni tí ó yá ìwé dá a padà, kí ó má sì ya ewé rẹ̀, pàápàá èyí tí ó kẹ́yìn.

Ìlú wa yìí kò ṣe àjèjì sí ìwé. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti ìjọ Onítẹ̀bọmi wà níbí rí, ọ̀pọ̀ olùkọ́ sì ti ibẹ̀ jáde. Ní orí ilẹ̀ náà ni Yunifásítì Bowen wà nísinsin yìí, tí ó gba akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní ọdún 2002, tí ó ń jẹ́ orúkọ T. J. Bowen, ẹni tí ó ṣe ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tí ó jáde ní ọdún 1858. Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ ń gbé inú agboolé kan níhìn-ín, ìwé ìtàn sì ń kọjá láti yàrá dé yàrá láìbèèrè ibi tí ẹnì kan ti ń gbàdúrà. Odídẹrẹ́ ni a sì fi mọ Ìwó. Ẹyẹ náà lè tún ohun tí ó gbọ́ sọ láìṣì í wí, ṣùgbọ́n kò lè bi ẹni tí ó kọ́ ọ pé, òótọ́ ha ni? Ìbéèrè yẹn ni a ń fẹ́ kí òǹkàwé lè bèèrè.

Ní ti ọmọbìnrin tiwa, a wá ìwé tí a sun títí, a kò rí i rà, nítorí pé a kò tilẹ̀ wo orúkọ rẹ̀. A sì gbọ́ pé kì í ṣe tirẹ̀, yíyá ni ó yá a. A ní láti lọ bẹ ẹni tí ó ni ín. Ọ̀rẹ́ náà ni ó fi ẹnu sọ òpin rẹ̀ fún un. Ní báyìí, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, a ń ka ìtàn Òkédìjí nínú ilé wa, orí kan ní alẹ́ kan, òun ni ó sì ń kà á fún wa. Bí ó bá dé ibi tí ilẹ̀kùn ti ń ṣí, yóò pa ìwé dé, yóò ní, "Ó di ọ̀la, Bàbá." Àwa àgbà yóò sì lọ sùn, láìmọ ẹni tí ń wọlé bọ̀.