Àdán Kò Mọ Ààlà: Òfin Wo Ni Ó Ń Dáàbò Bò Ó?

Ẹ̀yin ará wa ní Akúrẹ́ àti Oǹdó, ó ṣeé ṣe kí ẹnu yà yín pé ọ̀rọ̀ àdán ni a gbé wá lónìí. Bí a bá dárúkọ rẹ̀, òwe tí ó sọ pé àdán dorí kodò, ó ń wòṣe ẹyẹ, ni ó máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Àwọn tí ń ka Bíbélì yóò sì rántí pé ó wà lára ohun tí ìwé Léfítíkù orí 11 kà léèwọ̀ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òfin ni ó gbé wa débẹ̀.

Àdán ńlá tí irun ọrùn rẹ̀ dà bí àwọ̀ koríko gbígbẹ ni a ń sọ. Orí igi ni ó ń sùn sí lọ́sàn-án, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Nígbà tí òjò bá dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn a ṣí kúrò ní igbó lọ sí ilẹ̀ ọ̀dàn ní apá àríwá, wọn a sì padà bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé. Ní orílẹ̀-èdè Sáńbíà, àràádọ́ta ọ̀kẹ́ wọn ni ó ń péjọ sí Kasanka lọ́dọọdún, láti oṣù Kẹwàá títí di oṣù Kejìlá. Àwọn onímọ̀ so ẹ̀rọ mọ́ díẹ̀ lára wọn níbẹ̀, ọ̀kan sì fò ju 2,000 kìlómítà lọ.

Kí ni èyí kàn wá? Èso igi ni oúnjẹ rẹ̀, èso ìrókò sì wà níbẹ̀. Ibi tí ó bá yàgbẹ́ sí ni ó ń gbin kóró sí. Àwọn olùwádìí ní Gánà ṣírò pé ó lè gbé kóró dé ibi tí ó jìnnà tó 75 kìlómítà. Ìpínlẹ̀ tí àwọn onígẹdú ti gé ìrókò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè sọ pé àdán kò wúlò fún òun. Síbẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo ni abo rẹ̀ ń bí lọ́dún, bẹ́ẹ̀ sì ni ìbọn ọdẹ àti igi gígé kò dúró. Ní Gánà nìkan, ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2011 fi hàn pé ó kéré tán, 128,000 àdán ni a ń tà lọ́dún. Àjọ IUCN ti kọ ọ́ sára àwọn ẹranko tí ó ń sún mọ́ ewu ìparun.

Ní Ìdànrè, láàrín Akúrẹ́ àti Oǹdó, ìṣòro náà ní ojú mìíràn. Ọdún àdán wà níbẹ̀, tí àwọn ọkùnrin ń wọ inú ihò àpáta láti mú wọn. Irú àdán mìíràn ni ó pọ̀ nínú ihò yìí. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn lọ síbẹ̀ ní 2010 àti 2013, wọ́n sì rí àmì kòkòrò àrùn tí ó bá àrùn dìgbòlugi tan nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn àdán náà. A kò sọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè dáná sun ihò wọn. Ẹni tí kò bá fọwọ́ kan àdán kò ní ohun púpọ̀ láti bẹ̀rù. Ẹni tí ó bá bù jẹ ni kí ó fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ ojú ọgbẹ́, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní ti òfin, àdéhùn kan wà tí a ṣe ní ìlú Bonn ní Jámánì ní 1979 nítorí àwọn ẹranko tí ń ṣí kiri. Nàìjíríà wà nínú rẹ̀. Àkọsílẹ̀ méjì ni ó ní. Èyí tí ó wà nínú àkọ́kọ́, orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ fi òfin de pípa rẹ̀. Èyí tí ó wà nínú ìkejì, kí àwọn orílẹ̀-èdè jùmọ̀ ṣètò ìtọ́jú rẹ̀ ni a ń béèrè. Ìkejì ni àdán wa wà. Níbẹ̀ náà ni labalábá Amẹ́ríkà tí à ń pè ní Monarch wà láti 1979, síbẹ̀ oṣù Kejìlá 2024 ni ìjọba Amẹ́ríkà tó dábàá pé kí òfin ilé tiwọn dáàbò bò ó. Ọdún márùn-dín-láàádọ́ta!

Òfin Nàìjíríà ti 1985 lórí ẹranko tí ó wà nínú ewu, òwò láàrín orílẹ̀-èdè ni orúkọ rẹ̀ tẹnu mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ń yìnbọn sí àdán nínú oko kò ronú ẹnubodè rárá. Ní oṣù Kẹwàá 2025, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí àbádòfin titun tí ìjìyà rẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹranko tí a bá kọ orúkọ rẹ̀ sínú àtẹ irú òfin bẹ́ẹ̀ ni ó ń jàǹfààní rẹ̀. Àwọn tí a dìbò yàn láti Akúrẹ́, Ìdànrè àti Oǹdó ni ó yẹ kí a bi léèrè bóyá orúkọ àdán wà níbẹ̀.