Ibi Tí Àgbàrá Òkìtìpupa Ń Lọ

Orúkọ ìlú Òkìtìpupa fúnra rẹ̀ ti sọ irú ilẹ̀ tí a tẹ̀ ẹ́ dó sí: òkìtì ni, erùpẹ̀ rẹ̀ sì pupa. Òjò tí ń rọ̀ sí ilẹ̀ Ìkálẹ̀ lọ́dún kan ju 1,500 mìlímítà lọ. Omi tí ó bá bọ́ sórí òkìtì kò ní dúró síbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni yóò máa wá lọ. Yóò gba gọ́tà àti ẹ̀gbẹ́ títì bọ́ sínú àwọn odò kéékèèké, yóò gba ibẹ̀ dé Odò Olúwa, yóò sì tẹ̀ síwájú lọ sí agbami ilẹ̀ Ìlàjẹ. A fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin ará ìlú bí a ṣe ń bójú tó omi yìí, àti ipa tí ó kan onílé kọ̀ọ̀kan.

Níbi tí igbó bá wà, ewé a máa dá òjò dúró, ilẹ̀ a sì máa fa omi náà mu díẹ̀díẹ̀. Páànù, sìmẹ́ǹtì àti ọ̀dà títì kì í fa omi mu. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí òjò mìlímítà kan bá rọ̀ sórí ibi tí ó fẹ̀ ní mítà kan, tí ó sì gùn ní mítà kan, omi lítà kan ni. Nítorí náà, bí òrùlé kan bá gùn ní mítà 12, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 10, òjò 50 mìlímítà yóò da omi lítà 6,000 sílẹ̀ láti orí rẹ̀. Bí irú ilé bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ 100 ní àdúgbò kan, ó di lítà 600,000, a kò sì tíì ka ti àgbàlá àti títì mọ́ ọn.

Omi yìí kì í dá rìn. Ó ń kó erùpẹ̀ pupa, ọ̀rá, ọ́ìlì ọkọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì, àti ẹ̀gbin ilé ìgbẹ́ tí a kò bò dáadáa. Ní ilẹ̀ wa tí ó jẹ́ ilẹ̀ ọ̀pẹ, ó tún ń kó omi ìdọ̀tí ibi tí a ti ń fún epo pupa. Bí omi ìdọ̀tí yìí bá ń jẹrà nínú odò, ó ń gba afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí nínú omi, ẹja á sì kú. Erùpẹ̀ ní tirẹ̀ a máa kún ìsàlẹ̀ odò. Odò tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti kún kò ní lè gba omi tó èyí tí ó ń gbà tẹ́lẹ̀, òjò tí ó tẹ̀lé e ni yóò sì ya wọ ilé.

Òfin ọdún 1999 ti orílẹ̀-èdè wa fi títì, gọ́tà àti kíkó ìdọ̀tí sára iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ohun mẹ́ta ni iṣẹ́ náà dá lé: kí ojú ọ̀nà omi ṣí sílẹ̀, kí ilẹ̀ rí àyè fa omi mu, kí ẹ̀gbin má sì dé odò.

Ìlú Ìbàdàn ti kọ́ wa ní ohun tí ń ṣẹlẹ̀ bí a bá kọ́lé sí bèbè odò, tí a sì sọ ojú omi di ààtàn. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, Odò Ògùnpa kún àkúnya, ẹ̀mí tí ó ju 100 lọ sì bá a lọ. Àgbàrá tún ṣọṣẹ́ níbẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011. Ní ọdún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ẹ̀yáwó mílíọ̀nù 200 dọ́là láti fi dáàbò bo ìlú náà. Owó kò lè jí òkú. Ó sàn kí a tọ́jú gọ́tà nígbà tí ó ṣì jẹ́ ṣọ́bìrì nìkan ni a nílò.

A wá ń rọ̀ yín báyìí: Ẹ gbàṣẹ kí ẹ tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, ẹ má sì kọ́lé sí ojú ọ̀nà omi tàbí inú àbàtà. Ẹ jẹ́ kí koríko wà ní apá kan àgbàlá. Ẹ má fi sìmẹ́ǹtì bo gbogbo rẹ̀. Ẹ gbe omi òrùlé sínú dúrọ́ọ̀mù fún aṣọ fífọ̀. Bí ẹ bá kó ẹrẹ̀ jáde nínú gọ́tà, ẹ má fi í sílẹ̀ létí rẹ̀, nítorí òjò tí ń bọ̀ yóò dá a padà. Kí ẹ̀yin mẹkáníìkì máa da ọ́ìlì àlòkù sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ̀yin tí ń fún epo sì gbẹ́ kòtò tí ó jìnnà sí odò fún omi ìdọ̀tí yín.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbàrá òjò kò ní òun kò ní wólé, onílé ni kò ní gbà fún un. Àwa onílé lórí òkìtì yìí ní láti rántí pé ohun tí a bá dà sí gọ́tà lónìí, ẹnìkan ní ìsàlẹ̀ odò ni yóò pọn ọ́n lọ́la.